Fífi Ojúlé Pamọ́ Nínú Ìwádìí Ìlera

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti pa orúkọ ènìyàn rẹ́ nínú ìwé ìwádìí, àṣírí rẹ̀ ti bò. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí ìlera tí Àjọ Elétò Ìkànìyàn ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò fún ibà àti fún fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n sì kọ ibi tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Ní abúlé kékeré, ta ni kò ní mọ ọmọ tí à ń wí?

Nítorí náà, kí àmì àdúgbò tó dé ọwọ́ àwọn onímọ̀, a ti mọ̀ọ́mọ̀ sún un kúrò ní ààyè rẹ̀. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni kọ̀ǹpútà ṣe ń yan ìhà tí yóò sún sí. Ní ìgboro, kò ju kìlómítà 2 lọ. Ní ìgbèríko, kò ju 5, àfi ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún tí ó lè dé 10. Àmì Bódìjà lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ìtòsí Àgbowó. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ré ààlà ìpínlẹ̀ kọjá, nítorí náà iye tí a kà fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò yí padà rárá.

Ètò yìí ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí Àgbowó ti jìnnà sí ilé-ìwòsàn UCH tó kò lè gbẹ́kẹ̀ lé àmì bẹ́ẹ̀. Èmi fara mọ́ ọn, nítorí ìyá tí ó na ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sí abẹ́rẹ́ kò mọ gbogbo ẹni tí yóò ka ìwé náà. Ẹni tí ọ̀nà gan-an bá jẹ lógún, kí ó tọ àwọn ará àdúgbò lọ, kí ó gba ìyọ̀ǹda wọn, kí ó sì wọn ọ̀nà náà fúnra rẹ̀.