Bí Màmá Bá Ń Ṣarán, Ẹ Má Pè Wọ́n Ní Àjẹ́

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo ń gbé, ó ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní àgbàlagbà. Láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹ̀bútè Èrò, ẹ óò rí ìyá oníṣòwò tó mọ gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá yá, irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè jáde lọ ra iyọ̀ kó má mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó lè máa fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀. Àwọn kan á ní ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́, nítorí mo ti rí ìyá tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá nítorí rẹ̀.

Àìsàn ni. Ní ọdún 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tó bá nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti ra kó tó kú: ìdọ̀tí tó dì gbagidi sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Amyloid ni a ń pe irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lónìí. Pùrótéènì ni, ara wa fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe é. Bí ìrísí rẹ̀ bá yí padà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra wọn, bí àmàlà tí a kò rò dáadáa ṣe ń ṣe kókó.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ṣèwádìí láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, àìsàn Alzheimer ń mú ẹni 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún n'Íbàdàn, àti 2.52 lọ́hùn-ún. Tiwa kò tó ìdajì tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà.

Ṣé ohun tó dì yìí ṣeé tú? Ní Iceland, àwọn ìdílé kan wà tí amyloid irú mìíràn, tí cystatin C ń fà, ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ wọn jẹ́, tí ọ̀pọ̀ sì ń tibẹ̀ kú ní ọ̀dọ́. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn fún ẹni 6 nínú wọn ní N-acetylcysteine, oògùn àtijọ́ tí wọ́n fi ń gba ẹni tó lo paracetamol ní àlòjù là. Nínú awọ ara ẹni 5, ohun tó dì náà dín kù láti ìpín 50 dé 90 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ rántí jerry curl tó gbòde nígbà kan. Pùrótéènì ni irun, ìdè imí-ọjọ́ ló sì mú un dúró. Oògùn jerry curl a já ìdè náà, irun a sì gba ìrísí rola tí wọ́n fi ká a. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni N-acetylcysteine ṣe ń já ìdè imí-ọjọ́ inú cystatin C, tí wọn kò fi lè dì mọ́ra mọ́.

Ṣùgbọ́n amyloid ti àìsàn Alzheimer kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ rárá. Kọ́kọ́rọ́ Iceland kò ṣí ilẹ̀kùn yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín bí oògùn arán, ẹ má rà á.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wa kò kéré. Ẹ kọ́kọ́ mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ìgbàgbé mìíràn wá láti inú ìbànújẹ́ ọkàn, àìtó fítámì tàbí oògùn tí wọ́n ń lò, èyí sì ṣeé wò. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn Lancet sọ pé ìpín 45 nínú ọgọ́rùn-ún irú àìsàn yìí ni a lè dènà tàbí kí a dá dúró fún ìgbà díẹ̀, bí a bá kápá ohun 14. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, etí dídi, sìgá àti ìdánìkanwà wà lára wọn.

Ẹ rán orúkọ Màmá àti nọ́ńbà fóònù yín mọ́ etí ìró wọn. Bí wọ́n bá pè yín ní orúkọ Bàbá, ẹ jẹ́ wọn, kí ẹ sì bá wọn jókòó.