Ẹni Tó Bá Mòòkùn, Kí Ẹnìkejì Máa Ṣọ́ Ọ

Bí ìsinmi ilé ìwé bá dé, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì Bódìjà àti Ring Road ní Ìbàdàn kì í gba èrò. Eré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn níbẹ̀: wọ́n á mòòkùn, wọ́n á sì máa wo ẹni tí yóò pẹ́ jù lábẹ́ omi. Kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja nínú adágún òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú eré yìí náà ló ń pa àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ pẹja lábẹ́ òkun. Òun náà ló ń dúró de àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó, tí wọ́n ń sé èémí sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

Ewu náà ni kí ènìyàn dákú lábẹ́ omi. Àwọn tó mọ̀wẹ̀ dáadáa ló sì sábà máa ń mú.

Bí ènìyàn bá sé èémí, tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, kì í sábà jẹ́ pé ọ́síjìn ti tán. Kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń pariwo pé ó yá, mí. Àwọn kan máa ń mí lemọ́lemọ́ kí wọ́n tó wọ omi, wọ́n rò pé àwọn ń kó ọ́síjìn pamọ́. Èyí tí wọ́n rí kún un kò tó nǹkan. Olùkìlọ̀ ni wọ́n lé jáde. Ọ́síjìn á wá máa lọ sílẹ̀, ara kò ní fura, onítọ̀hún á kàn dákú lójijì.

Omi jíjìn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní mítà 10, agbára tó ń tẹ ara jẹ́ ìlọ́po méjì ti ojú omi, ìyẹn ni ọ́síjìn díẹ̀ tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró fi ṣì ń tó lò. Bí apẹja bá ti ń gòkè bọ̀, agbára yẹn ń dín kù, ọ́síjìn tó kù kò sì ní tó lò mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dákú nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n yọrí, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n yọrí tán.

Ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn elétò ìlera ka ìjàǹbá 16 tó wá láti inú sísé èémí lábẹ́ omi láàárín ọdún 1988 sí 2011. Ènìyàn 4 kú nínú wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n bá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà méjì, ọmọ ẹgbẹ́ SEAL, nísàlẹ̀ adágún ìdánrawò kan ní Virginia. Àwọn méjèèjì ló kú. Wọ́n pé méjì, ìyẹn ò gbà wọ́n.

Nítorí náà, ẹnìkan ní láti wà lókè nígbà tí ẹnìkan bá wà nísàlẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ máa wá ẹja tirẹ̀ kiri. Kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára ẹnìkejì títí ìṣẹ́jú àáyá 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó bá yọrí. Kí wọ́n tó tún mòòkùn, kí wọ́n sinmi fún ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n lò lábẹ́ omi, ó kéré tán.

Bí ẹnìkejì bá dákú, ẹ gbé imú àti ẹnu rẹ̀ kúrò nínú omi, ẹ tú bẹ́líìtì òjé tó fi ń rì kúrò ní ìdí rẹ̀ bó bá dè é, ẹ yọ awò ojú rẹ̀, ẹ pè é lórúkọ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Bí kò bá mí, ẹ fi ẹnu fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Bó tiẹ̀ jí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi èémí díje nínú omi. Ẹ̀yin tó ni òtẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé eré yìí ti di èèwọ̀, kí ẹ sì fi ẹni tó mọ̀wẹ̀ tó sì mọ ìtọ́jú pàjáwìrì sí ẹ̀gbẹ́ omi.