Òótọ́ àbí irọ́? Boone Pickens, owó epo àti pápá ìṣeré yunifásítì

Ní ìlú Stillwater, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, orúkọ Boone Pickens, oníṣòwò epo, ni wọ́n fi sọ pápá bọ́ọ̀lù yunifásítì ìlú náà. Àwọn kan ní olóore ńlá ni. Àwọn mìíràn ní ilé iṣẹ́ onílé iṣẹ́ ló fi wá owó. Ó kú ní 2019, àríyànjiyàn ò tíì tán. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wò.

"Òun ló ra Gulf Oil."
Irọ́ ni. Mesa, ilé iṣẹ́ rẹ̀, kó ìpín Gulf jọ, ó sì fẹ́ gba àkóso rẹ̀. Kí Gulf má baà bọ́ sí i lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ epo Chevron ni àwọn aláṣẹ Gulf tà á fún ní 1984, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 13 dọ́là. Èrè rẹpẹtẹ wọlé fún Pickens àtàwọn onípìn-ín. Ní Pittsburgh, níbi tí olú ilé iṣẹ́ Gulf wà nígbà náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

"Ó fi mílíọ̀nù 165 dọ́là ta eré ìdárayá lọ́rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."
Òótọ́ ni, ó ku àlàyé. Lóṣù Kejìlá 2005, àjọ tó ń ṣagbátẹrù gọ́ọ̀fù yunifásítì náà ló gba owó yìí. Kò pẹ́ tó fi wọ BP Capital, àpò ìdókòwò tí Pickens fúnra rẹ̀ ń darí. Ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ àjọ náà. Òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìjì Katrina sì jẹ́ kí ẹni tó bá tọrẹ lákòókò yẹn rí ẹ̀dínwó owó orí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Eré ìdárayá nìkan ló náwó lé."
Irọ́ ni. Ní 2008, ó ṣèlérí mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ipò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì náà. Ẹ̀kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀ ló fi gboyè níbẹ̀ ní 1951, ẹ̀ka náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

"Ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi sílẹ̀ ni yóò parí ẹjọ́."
Irọ́ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Olówó àtàwọn akọ̀wé rẹ̀ ló ń yan ohun tó ń wọ páálí ìwé tó fi sílẹ̀: lẹ́tà ìdúpẹ́ àti fọ́tò kì í wọ́n níbẹ̀, ẹkún òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ló máa ń wọ́n. Ẹni tó ń wá òtítọ́ yóò gbé lẹ́tà ọrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báńkì, yóò wo ọjọ́ tó wà lára méjèèjì, yóò sì wá ìwé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà pa lára.

Yunifásítì tó bá gba owó olówó, kó gba fáìlì àdéhùn náà mọ́ ọn, kó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kà á.