Oówo Inú Ẹ̀dọ̀: Ìwé Ìlàlóye fún Ará Èrúwà àti Gbogbo Ìbàràpá

Bí ibà bá ń ṣe yín, tí ẹ ti lo oògùn ibà tí kò lọ, tí ìrora sì wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ẹ má ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù oògùn lọ ra òmíràn. Ó lè jẹ́ oówo ló wà nínú ẹ̀dọ̀. Àìsàn tó ṣeé wò ni tí a bá tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi falẹ̀ ló ń pa.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ìfun bọ̀, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá. Nítorí náà, kòkòrò tó bá ti inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀ lè dúró síbẹ̀, kó máa ba ẹran ẹ̀dọ̀ jẹ́, kí ọyún sì gba àyè rẹ̀. Àmíbà, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ èèyàn ti kàn la ti ń kó o. Àgbẹ̀ tí omi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tán lóko, tó wá bu omi odò mu, lè kó o bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ẹni tí oówo yìí ń ṣe lè má yàgbẹ́ gbuuru rárá lásìkò náà. Ìgbẹ́ ọ̀rìn tó ṣe é lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó ti gbàgbé. Oówo ti àmíbà yìí ń ṣe ọkùnrin ju obìnrin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méje sí mẹ́wàá, ọtí líle sì ń dá kún un. Irú kejì, bakitéríà ló ń fà á, pàápàá lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí òkúta nínú òróòro.

Ara aláìsàn á máa gbóná, á máa gbọ̀n, òógùn á máa bò ó lóru, á sì máa rù. Ìrora náà lè gun èjìká ọ̀tún, ikọ́ gbígbẹ sì lè bá a wá. Tí dókítà bá fi ìka kan tẹ àlàfo àárín egungun ìhà rẹ̀, aláìsàn á ta kìjí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ibẹ̀ tàbí kó fi omi gbígbóná jó o, nítorí oówo náà lè bẹ́ sínú ikùn tàbí sínú àyà.

Sìkáànù ló ń fi í hàn. Tó bá jẹ́ ti àmíbà, metronidazole, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Flagyl, ni dókítà máa ń kọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ 7 sí 10. Ibà sábà máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 4, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó tán, kí ẹ má sì fi ọtí kàn án. Oògùn kejì tún wà, irú diloxanide, tó ń pa èyí tó ṣẹ́ kù sínú ìfun. Tí ẹ kò bá lò ó, oówo náà lè padà. Tó bá tóbi gan-an, tàbí tó sún mọ́ ọkàn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa ọyún rẹ̀, sìkáànù á máa tọ́ wọn sọ́nà. Ọyún ti àmíbà máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ṣokoléètì. Ti bakitéríà le ju èyí lọ: oògùn á máa gba ojú iṣan wọlé, wọ́n á fa ọyún rẹ̀, ìtọ́jú sì lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Oówo kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń wò ó sàn ló ń padà. Nígbà mìíràn, ohun tí aláìsàn gbé mì ló ń fà á: eegun ẹja, eegun adìẹ, igi ìtayín, abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí a gbé mì ló ń bá ìgbẹ́ jáde láìsí wàhálà. Àmọ́ ohun tó mú ṣóńṣó lè gún ara àpòlúkù yọ, kó wọ inú ẹ̀dọ̀, lápá òsì rẹ̀ pàápàá. Láti 1898 ni àwọn dókítà ti ń kọ nípa irú èyí. Aláìsàn kì í sábà rántí pé òun gbé nǹkan mì. X-ray kì í fi igi hàn, ó sì lè fo eegun ẹja dá. Sìkáànù tí wọ́n ń pè ní CT, tí a ń rí ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, ló máa ń rí i jù. Níwọ̀n ìgbà tí eegun náà bá ṣì wà níbẹ̀, oògùn nìkan kò lè parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Nítorí náà, tí eegun bá há yín lọ́fun, ẹ má gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì láti fi tì í. Ìyẹn ń tì í wọlé ni. Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró, kí ẹ wá sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ má fi ìṣó sẹ́nu. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kó rọra jẹ ẹja, torí ẹnu rẹ̀ kì í tètè mọ eegun. Ọmọ tó bá gbé bátìrì kékeré mì, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀: tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó o láàárín wákàtí 2.

A mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ máa ń ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì ní Èrúwà. Dókítà Oluyombo Awojobi dé síbí ní 1983, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ará oko àti ará ìlú títí ó fi kú ní 2015. Ara kẹ̀kẹ́ ológeere ló ti ṣe ẹ̀rọ tó fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe tó. Ẹni tó bá nílò ju ohun tó wà nítòsí lọ, dókítà á kọ ìwé fún un lọ sí Ìbàdàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò dání, àgbo pẹ̀lú. Ẹ sọ fún dókítà tí ẹ bá ti yàgbẹ́ ọ̀rìn rí, tàbí tí eegun bá ti há yín lọ́fun rí, bó tilẹ̀ ti pẹ́.