Bí Oògùn Ọ̀sẹ̀ Méjì Ṣe Di Ti Ọdún Gbọọrọ

Oògùn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni Valium, èyí tó ń fini lọ́kàn balẹ̀, tó sì ń múni sùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọn ò bá gbé e mì, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn lójú. Báwo ló ṣe dà bẹ́ẹ̀?

Leo Sternbach, Júù tó fi Yúróòpù sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1941, ló ṣe é nílé iṣẹ́ Hoffmann-La Roche. Librium, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́kọ́ jáde ní 1960; Valium tẹ̀lé e ní 1963. Inú àwọn dókítà dùn, n kò sì dá wọn lẹ́bi: barbiturate, oògùn oorun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá ṣèèṣì lò ó jù, ó lè sùn kó má jí mọ́. Valium nìkan kì í tètè pani bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá rò pé ohun tí kì í pani kò lè múni lẹ́rú. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin ni wọ́n ń kọ ọ́ fún jù: ọmọ ò sùn, ọkọ ò wálé, oògùn kan náà ni.

Bó bá pẹ́ lára, ọpọlọ á gbára lé e. Ẹni tó bá pa á tì lójijì, oorun á dá lójú rẹ̀, àyà á máa já a, ọwọ́ á máa gbọ̀n, gìrì pàápàá lè mú un. Á rò pé àìsàn àná ló padà dé, á sì sáré padà sídìí oògùn. Ibẹ̀ ni ọdún ti ń gorí ọdún. Ọdún 1988 ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ oògùn ní Bìrìtìkó tó kìlọ̀ fáwọn dókítà pé kó má kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Òfin ilẹ̀ wa, Nàìjíríà, ní ìwé dókítà la fi ń rà á. Àmọ́ láti ìlú bíi Ọ̀tan Ayégbajú, ọ̀nà jìn sí ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀. Ìsọ̀ oníkẹ́mísì ló máa ń wà nítòsí ilé. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún lẹ́ẹ̀kan nítorí àìsùn, páálí tó ti tán ló máa ń mú lọ rà á. Arúgbó ló ń jìyà rẹ̀ jù: kì í tètè kúrò lára wọn, wọ́n á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ṣubú lóru, egungun ìbàdí á dá. Bí wọ́n bá fi ọtí tàbí oògùn ìrora bíi tramadol lé e, èémí lè dá. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú oògùn náà fún onígìrì tàbí ẹni tí àrùn ipá mú. Òun ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí wọn là.

Bí ìyá yín bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì. Ẹ mú páálí rẹ̀ lọ bá dókítà, kó máa bá wọn dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀.