Ṣé O Mọ̀? Edé Àlejò Tó Ń Bí Rẹpẹtẹ Sínú Omi Wa

Ṣé o mọ̀ pé edé ńlá abilà tí wọ́n ń pè ní táígà kì í ṣe ọmọ bíbí omi wa? Òkun Íńdíà àti ìwọ̀-oòrùn òkun Pàsífíìkì ni orírun rẹ̀. Penaeus monodon ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó sí àwọ̀n ní etíkun Nàìjíríà? Lónìí, ó ti wọ ọ̀sà Èkó.

Ṣé o mọ̀ pé abo rẹ̀ ló ń tóbi ju akọ lọ? Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà tí abo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀, ni akọ ń gùn ún? Abo á tọ́jú àtọ̀ náà sára títí di ọjọ́ tí yóò yé.

Ṣé o mọ iye ẹyin tó ń yé lẹ́ẹ̀kan? Ó lè tó 250,000, ó sì lè tó 800,000! Láàárín wákàtí 12 sí 15, wọ́n ti pa.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tuntun kì í wá oúnjẹ kiri? Oúnjẹ tó bá a wá láti inú ẹyin ló ń jẹ. Lẹ́yìn náà ló ń jẹ ewéko omi tí ojú lásán kò lè rí, kó tó kan ẹranko wẹ́wẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé inú òkun ni wọ́n ń bí i sí, àmọ́ inú ọ̀sà àti lábẹ́ igi ẹ̀gbà ló ti ń dàgbà? Bó bá gbó, ó padà sókun lọ bímọ. Èèpo rẹ̀ kì í fẹ̀. Bí ejò ló ń bọ́ ọ kó tó lè tóbi sí i.

Ṣé o mọ̀ pé edé ilẹ̀ wa, Penaeus notialis, náà ń tọ́ ọmọ nínú ọ̀sà? Ibẹ̀ ni àlejò yìí ti ń bá a du ibùgbé àti oúnjẹ. Ó tún lè gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń fi àmì funfun sí èèpo edé, tó sì ń pa wọ́n lọ́pọ̀ yanturu.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1988, nǹkan bí 2,000 edé táígà ṣèèṣì bọ́ lọ kúrò níbi tí wọ́n ti ń sìn wọ́n ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà? Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn apẹja ti ń mú wọn títí dé etíkun Florida.

Nítorí náà, bí o bá ń sin edé, fi àwọ̀n dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde. Má ṣe da edé ilẹ̀ òkèèrè láàyè sínú ọ̀sà. Abo kan ṣoṣo lè yé ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyin lóru ọjọ́ kan. Kò sí àwọ̀n tó lè kó gbogbo wọn padà.