Bíréèkì Ẹsẹ̀ àti Jíà Alùpùpù: Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Wọ́n àti Bí A Ṣe Ń Fi Gírísì Sí Wọn

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, pẹ̀lú Mùṣín, Ṣómólú àti Kòṣọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n alùpùpù kò tán ládùúgbò wa. Àwọn tó ń gbé ẹrù kiri ṣì wà, àwọn tó ń fi tiwọn lọ síbi iṣẹ́ náà sì wà. Ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò lórí bíréèkì àti jíà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun méjì yìí wà lára ibi tí ẹrẹ̀ ń kọ́kọ́ bà, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, táyà iwájú sì ń ta omi ẹlẹ́rẹ̀ sí wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ló jẹ́ kí a kọ èyí. Nígbà òjò ọdún kan, ọmọ iléèwé kan ń sọdá títì ní Ìsọlọ̀ bí a ṣe ń bọ̀. A tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ó le gbagidi. Nígbà tó wọlé tán, kò padà sókè mọ́. Ọlọhun ló kó wa yọ, ọmọ náà ti kọjá. Nígbà tí a tú u wò, bíréèkì ṣúù ṣì dára. Ìpẹtà àti yanrìn ló di abẹ́ ibi tí à ń tẹ̀. Gírísì tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ ni ì bá ti gbà wá.

Ìdí tí ó fi ń le

Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tó wà lójú títì wa, irú bíi Bajaj Boxer, bíréèkì ẹsẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ó jókòó lórí irin kékeré kan tó ń yí sí i nínú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò fa irin gbọọrọ kan tó lọ sí táyà ẹ̀yìn, bíréèkì ṣúù yóò sì fún táyà náà mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì ló ń dá a padà sókè. Bí gírísì bá ti gbẹ, tí yanrìn sì wọlé, sípíríǹgì kò ní lágbára tó láti dá a padà mọ́. Bíréèkì ṣúù yóò máa ha ara rẹ̀, táyà ẹ̀yìn yóò gbóná, epo yóò máa tètè tán. Iná ẹ̀yìn pẹ̀lú yóò máa tàn ṣáá, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní mọ ìgbà tí a fẹ́ dúró ní tòótọ́.

Ohun tí a nílò

Kẹrosíìnì díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àkísà gbígbẹ, sáńpépà tó kúnná, púláyà, sípánà tó bá bóòtì mu, àti gírísì. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Oru rẹ̀ tètè ń gbiná, sàlẹ́ńsà tó gbóná sì wà nítòsí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ gbé alùpùpù sórí ìdúró ńlá rẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró kí sàlẹ́ńsà tutù. Ẹ kọ́kọ́ gbọn ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò, lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ ibi tó ń yí. Ẹ fi àkísà nù ún kó gbẹ.

Kí ẹ tó tú bíréèkì, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ yí nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn irin gbọọrọ náà kí ó tó jáde, kí ẹ lè dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ yọ píìnì tó dì í mú, kí ẹ sì fa bíréèkì jáde. Ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò lórí irin náà. Bí irin bá ti jẹ wọnú, kí mẹ́káníìkì wò ó. Ẹ fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, ẹ dá a padà, kí ẹ sì fi píìnì tuntun sí i; èyí tó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè ṣẹ́.

Jíà wà lápá òsì. Eyín tó wà nínú rẹ̀ ló fi gbá irin tó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde mú. Ẹ fi ọ̀dà tàbí ìṣó sàmì sí bí ó ṣe dojú kọ, ẹ yọ bóòtì rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó fà á. Ẹ fọ eyín náà, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí i kó má baà pẹtà, kí ẹ dá a padà síbi àmì, kí ẹ sì de bóòtì dáadáa. Bí jíà bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti dè é, eyín rẹ̀ ti jẹ nìyẹn, pípààrọ̀ ló kù; ọjà Ládìpọ̀ kò jìnnà sí wa. Bí ọ́ìlì bá ń jò lẹ́yìn jíà, ọ́ìlì síìlì ló ti gbó. Gírísì kò lè dí i.

Àṣìṣe tí a máa ń rí

Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnnì sí i. Ó máa ń dán fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà yóò kó yanrìn jọ, yóò wá máa ha irin bíi sáńpépà. Àwọn mìíràn ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọmọ́tò fẹ́ omi líle sí ibẹ̀. Omi náà ń lé gírísì jáde. Kí gírísì má sì dé orí rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tàbí inú ilé bíréèkì. Èkíní yóò mú kí bàtà yọ̀, èkejì kò ní jẹ́ kí bíréèkì múlẹ̀ mọ́.

Kí a tó jáde

Ẹ fi ọwọ́ tẹ bíréèkì, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà sókè kíá. Fún irú bíréèkì yìí, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ló sábà máa ń lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀, àmọ́ ẹ wo ìwé tó bá alùpùpù yín wá. Ẹ yí táyà ẹ̀yìn wò bóyá ó ń yí fàlàlà. Ẹ wò ó bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tó sì ń kú nígbà tí ẹ jọ̀wọ́. Ẹ rọra gùn ún ládùúgbò kí ẹ tó gba títì márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù mélòó kan. Nígbà òjò, ẹ máa ṣe é lóṣooṣù, àti nígbàkígbà tí alùpùpù bá la omi àgbàrá kọjá. Ẹ̀yin tó ń wọ jalàbíyà lọ kí ìrun Jímọ̀, ẹ ká a sókè dáadáa. Etí aṣọ lè há sára bíréèkì tàbí jíà. Kí Ọlọhun máa ṣọ́ wa lójú pópó, kí àwa náà má sì ṣàìṣọ́ ohun tó wà níkàáwọ́ wa.